Ètè Rọ́bà Abẹ́ Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀

"Ẹ kú ìwẹ̀ o. Ọ̀rinrin ti pọ̀ jù nínú balùwẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa omi."

Ohùn inú ògiri ló ń sọ̀rọ̀, ohùn obìnrin tó tutù bí ẹni tí wàhálà ayé kò kàn rí. Ìyá Ìgbòho gbójú sókè lórí àpótí tó jókòó lé. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ọmọ ọwọ́ dojú bolẹ̀ lé wọn, ọṣẹ dúdú sì bo ọmọ náà láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ṣé èmi lò ń bá wí?" ló bi ògiri. "Ìwọ tí o kò rọbí rí, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ìkókó?"

"Ẹ kú ìwẹ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa omi."

"N ò pa á. Ó yá, wá nà mí."

Ó fi igbá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó rọra dà á sí ọmọ lẹ́yìn, ó sì tún ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná sínú garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ooru gba gbogbo balùwẹ̀ náà kan. Iná orí àjà wá rí bàìbàì bí òṣùpá inú ọyẹ́.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Gbéminíyì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bú jáde. Òun ni ìyá ọmọ náà, òun sì ni ọmọ Ìyá Ìgbòho. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jinlẹ̀, nítorí Aṣọ́mi ni, ọ̀kan lára àwọn tí ń ṣọ́ omi ilé. Ẹ̀wù aláwọ̀ aró rẹ̀ wà lórí ìkọ́ nínú yàrá, àmì bàbà tí wọ́n fi ń dá àwọn Aṣọ́mi mọ̀ sì ń dán láyà ẹ̀wù náà. Ìsinmi ìbímọ ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di Aṣọ́mi ní Ilé Asábàrí kì í bọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà. Kí ìyá rẹ̀ tó dé, ohùn ògiri kò bá a wí rí.

"Màámi," ló pè láti ìta, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ mú omi náà."

"Ṣé mo gbé e mì ni? Ṣebí inú ilé yín náà ló wà."

Òótọ́ kúkú ni. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mọ́ òjò lọ́wọ́, tí eruku pupa sì bo Òkè-Ògùn, inú ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sí ẹsẹ̀ òkè Asábàrí ni ọ̀pọ̀ ará Ṣakí ń gbé. Ògiri ìta ilé náà kò ní fèrèsé, kò ní ihò. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ti sẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Àárín gbùngbùn ilé ni wọ́n kọ́ àwọn balùwẹ̀ sí, bí kóró ṣe ń wà láàárín èso. Nínú àjà balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Amọ̀rinrin ń gbé, ẹ̀rọ ẹlẹ́nu asẹ́ tí ń fa ooru omi mu, tí ń pọ̀ ọ́ padà ní omi tútù sínú ìgò gbọọrọ kan lára ògiri. Omi ìgò yẹn ni wọn yóò tún mu, òun ni wọn yóò tún fi wẹ̀. Bí ará ilé méjì bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. "Ẹ̀kán kankan kò sọnù?" ni wọ́n fi ń kí ara wọn. "Kò sọnù," ni èsì, wọn a sì na ọrùn sókè bí wọ́n bá ń wí i.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ẹkún náà kò pẹ́ tó fi di ikọ́.

Gbéminíyì fi etí lé ilẹ̀kùn. Ikọ́ náà tún ti dé. Nínú yàrá, ọmọ yìí a sùn bí ọba, kò ní ṣe nǹkan kan. Àfi tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán, ni èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi fèrè tí ọmọdé ń fọn. Nọ́ọ̀sì ti wá, ó ti gbọ́ àyà rẹ̀, ó ti fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i nímú. Fèrè náà kò dákẹ́.

"Gbéminíyì!"

"Màámi."

"Wá wo igun òkè yìí. Ògiri yín ti bu."

Ó mọ̀. Ó ti fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ igun náà títí èékánná rẹ̀ fi rọ̀, ó ti fi ọ̀dà kùn ún, ṣùgbọ́n èbu dúdú náà ń padà wá bí àna tí kò nítìjú. Ó dùn ún ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ilé Aṣọ́mi! Kì í sì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan. Láti ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, bó bá ti wọ balùwẹ̀ àwọn ará ilé láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìyàwó ilé a sáré lọ dúró síbi igun kan, a máa rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí Aṣọ́mi yóò fi jáde. Omi inú ìgò kò sì dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́. Bàbá Gbádégẹṣin, Olórí Aṣọ́mi, ní ìmẹ́lẹ́ ló fà á, pé àwọn ènìyàn ń wẹ̀, wọn kò nu ògiri.

"Mo mọ̀, Màámi. À ń fọ̀ ọ́."

"Ibí yìí mú mi láyà o. Àfi bíi pé mo wà nínú ìkòkò tí wọ́n dé."

"Ẹ tètè ṣàn án nù, kí ẹ gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú aṣọ àti òrí wá."

Ó yà sí yàrá. Ibi tó ti ń tú ẹrù ìyá rẹ̀, láàárín kànrìnkàn àti ike òrí àti òwú tí ìyá náà dì wá láti Ìgbòho fún ìwọ́ ọmọ, ni ó ti gbọ́ tí ohùn ògiri yí padà. Kò kí ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò pa dé. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò pa dé."

Gbéminíyì sáré jáde. Bàtà ìyá rẹ̀ ló há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá náà ti fi ẹsẹ̀ tì í síbẹ̀ láti orí àpótí rẹ̀, ètè rọ́bà tó yẹ kó fi ara mọ́ ilẹ̀ abẹ́ ilẹ̀kùn sì ti ká sókè bí ètè ewúrẹ́ tó gbóòórùn nǹkan. Ọwọ́ Gbéminíyì ti nà láti yọ bàtà náà. Ṣùgbọ́n kò yọ ọ́.

Ooru inú balùwẹ̀ ń rìn. Kò dúró gelete mọ́ bó ṣe máa ń dúró. Ó ń gòkè, ó ń wọ́ lọ sẹ́nu asẹ́ Amọ̀rinrin bí èéfín tó rí ojú ihò, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà nílẹ̀ ń tẹ̀ lé èyí tó wà lókè. Nínú ìgò ara ògiri, omi tó máa ń kán tó… tó… tó… bí ẹni tí ń ronú, ti di tótótótó. Lójú rẹ̀ níbẹ̀ ni dígí ògiri ti ń mọ́. Ọmọ náà sín lẹ́ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀, fèrè àyà rẹ̀ sì dákẹ́.

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn?" Oyèkúnlé, ọkọ rẹ̀, ló já wọlé láti pálọ̀. Olùkọ́ ni, ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. "Gbémi, yọ bàtà yẹn! Yọ ọ́ kíá, kó tó di pé…"

"A ti fi ọ̀rọ̀ yìí tó Olórí Aṣọ́mi létí," ni ohùn ògiri wí. "Ẹ kú ìwẹ̀ o."

Oyèkúnlé káwọ́ lé orí. Gbéminíyì kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Oyè, ìgbà wo ni ògiri wa bẹ̀rẹ̀ sí í bu?"

"Ṣé ìyẹn la fẹ́ sọ báyìí?"

"Ìgbà wo ni?"

"Ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá."

"Ìgbà wo ni mo wọ ètè tuntun sí abẹ́ àwọn ilẹ̀kùn?"

Oyèkúnlé gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà rántí. Gbogbo ilé ló rántí. Àwọn ètè àtijọ́ ti gbó, eruku ti jẹ wọ́n lẹ́nu, Bàbá Gbádégẹṣin sì ní kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn. Gbéminíyì ló lọ láti ilé dé ilé, àjà lé àjà, pẹ̀lú oyún ìkókó yìí nínú, tó ń kúnlẹ̀, tó ń wọ rọ́bà tuntun, tó ń fi ìka yẹ abẹ́ ilẹ̀kùn wò títí tí kò fi sí ibi tí irun lè gbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nípàdé. Ìyá rẹ̀ pàápàá gbọ́ ọ ní Ìgbòho.

"Ẹ̀rọ yẹn kò bàjẹ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò sì sí ẹni tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Ó ń fà, kò rí ohun tí yóò fà. Kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tọ̀ ọ́ lọ mọ́."

Ìyá Ìgbòho jáde, ó ti fi aṣọ wé ọmọ mọ́ àyà. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo ti àna rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?"

"Bàtà tí ẹ fi há ilẹ̀kùn ni, Màmá," ni Oyèkúnlé wí.

"Ibẹ̀ dákẹ́ jù. Mo fẹ́ máa gbúròó ẹsẹ̀ yín ni."

Oyèkúnlé rọra ṣàlàyé fún un, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ bó ti ń sọ ọ́. Òfin Ilé Asábàrí ni pé ọ̀rinrin balùwẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà dé yàrá. Bí àlejò bá tú u sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni yóò kó ẹrù rẹ̀, kò sì ní wọlé mọ́. Bí ó bá jẹ́ ará ilé ni, wọn óò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún odindi ọ̀gbẹlẹ̀ kan, yóò sì dúró níwájú gbogbo ìpàdé. Bí ó bá wá jẹ́ Aṣọ́mi… Kò parí rẹ̀.

"Ìyẹn náà ni?" ni Ìyá Ìgbòho wí. "Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni. Ṣebí èmi náà ni. Ilé mi ni wọn óò lé mi lọ, wọn ò lé mi lọ sínú igbó. Èmi ti rí ọmọ ọmọ mi, mo ti fọwọ́ ara mi wẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí ọmọ mi fi òógùn rẹ̀ wá, kò ní tìtorí bàtà sọnù."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò dùn. Ṣùgbọ́n ó fi àgbọ̀n kan orí ọmọ tó gbé mọ́ àyà, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Gbéminíyì wo ẹ̀wù aláwọ̀ aró lórí ìkọ́. A ò ní purọ́ fún ara wa: ọkàn rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọ̀nà náà rọrùn. Yóò yọ bàtà, ètè yóò wó lulẹ̀ padà, àlejò kan láti Ìgbòho ni kò mọ òfin. Ìyá rẹ̀ yóò lọ. Òun yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, yóò máa yẹ balùwẹ̀ àwọn ènìyàn wò, wọn yóò máa fi ara bo igun fún un. Ọmọ rẹ̀ yóò máa fọn fèrè. Gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé náà yóò máa fọn ọ́n.

"Ọmọ ta ni mo fẹ́ máa jẹ́, Màámi, bí wọ́n bá lé yín jáde nítorí ohun tí ojú mi rí pé ó dára?"

"Gbémi," ni ọkọ rẹ̀ wí, "jẹ́ ká ronú. A lè yọ bàtà yìí báyìí. Tí a bá ń wẹ ọmọ, ká máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ètè yẹn sókè díẹ̀, èyí tí ohùn ògiri kò ní mọ̀. Ta ni yóò rí wa?"

"Èmi yóò rí mi. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

Ó lọ sí ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ó fi ọwọ́ òsì na rọ́bà náà, ó sì gé e láti igun kan dé igun kejì. Rọ́bà náà le. Ó yípo jáde gbọọrọ, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ejò tí wọ́n ti pa. Abẹ́ ilẹ̀kùn wá ṣí sílẹ̀, ní ìbú ìka méjì.

Ó yọ bàtà ìyá rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e fún un. Ó sì dìde, ó dúró de ẹni tó ń bọ̀.

* * *

Bàbá Gbádégẹṣin kò pẹ́ kó tó dé. Ọ̀pá ẹ̀yẹ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ilé sì ti ṣí ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ènìyàn gíga ni, ewú ti bo orí rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Ìyá Ìlọ̀rí, aládùúgbò tó wà ní ọ̀ọ́kán, ni ó ṣáájú àwọn tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀kán kankan kò sọnù?"

"Kò sọnù, Bàbá," ni Gbéminíyì dáhùn, ó sì kúnlẹ̀ kí i.

"Ohun tí mo wá wò nìyẹn." Ojú rẹ̀ bọ́ sára rọ́bà tó wà nílẹ̀. Ó fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ yí i padà. "Ta ló gé èyí?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Ìyá Ìgbòho yára wí.

"Màámi, ẹ má parọ́ nítorí mi." Gbéminíyì gbé orí sókè. "Bàtà ni ìyá mi fi há ilẹ̀kùn. Èmi ni mo gé ètè. Mo mọ òfin kí n tó gé e."

"Ìwọ tí o fi ọwọ́ ara rẹ wọ̀ ọ́?"

"Èmi náà ni, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà ká baba náà lára. Ó na ọwọ́ wá ògiri, ó fi ọwọ́ tì í.

"Ṣé o mọ ìdí tí mo fi ṣe òfin yẹn? Kí wọ́n tó bí ọ ni. Àwọn ilẹ̀kùn kò ní ètè nígbà náà, Amọ̀rinrin tí a ní kò lágbára, ó dà bí arúgbó tí ń mu ẹ̀kọ. Ọ̀rinrin balùwẹ̀ ń jáde, ó ń bọ́ sórí ẹní, ó ń bọ́ sórí ìrọ̀rí. A ń pè é ní Ọdún Èbu. Àrẹ̀mú, àkọ́bí mi, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló ń sùn. Èmi ni mo gbé e jáde lọ sin. Mo búra pé ọ̀rinrin kò ní tún gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde bá ọmọ kankan nínú ilé yìí. O wá gbé ọ̀bẹ sí i."

Gbéminíyì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò ní ohun tó lè fi dí irú ihò bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì gbìyànjú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi náà kò fẹ́ kí ọ̀rinrin wọ yàrá. Ọmọ tèmi náà ń sùn síbí. Ẹ̀rọ ìgbà yín kọ́ ni ẹ̀rọ ìsinsìnyí. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò ju kí ẹ dúró níhìn-ín. A óò ṣí omi gbígbóná, a óò ti ilẹ̀kùn. Tí ooru bá gba abẹ́ rẹ̀ jáde síta, ẹ mú mi lọ."

"A kì í dán òfin wò nínú ilé ẹni tó rú u."

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò nínú ilé tiyín nígbà náà, Bàbá. Èmi yóò gbé ọ̀bẹ."

Ìyá Ìlọ̀rí fi ọwọ́ bo ẹnu. Baba náà tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà. Wọ́n ní ẹ̀rín fẹ́ẹ́ yọ létè rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò yọ.

"Ẹ ṣí omi," ló wí.

Oyèkúnlé wọlé, ó ṣí omi gbígbóná dé òpin, ó sáré jáde, ojú rẹ̀ rin gbingbin. Ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn ògiri bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gbogbo ojú wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìka méjì ni ihò náà. Ẹni tó bá ti gbé ilé yìí dàgbà, bí ẹnu kìnnìún ló rí lójú rẹ̀. Wọ́n ń retí kí ooru rọ́ jáde.

Kò sí ohun tó jáde.

Gbéminíyì wo òwú ìwọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti yọ nínú ẹrù. Ó já díẹ̀ níbẹ̀, ó tú u títí ó fi fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ níwájú ihò náà. Òwú náà gbọ̀n. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó fà wọ́rọ́wọ́ lórí ilẹ̀, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé lọ.

"Ó wọlé!" ni Ìyá Ìlọ̀rí kígbe. "Kò jáde, ó wọlé ni!"

Ó fi òmíràn sí i. Òmíràn náà wọlé.

"Òwú ni," ni Bàbá Gbádégẹṣin wí. "Òwú fúyẹ́. Aṣọ ẹni tó kọjá lè fẹ́ ẹ."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Oyèkúnlé. Ó di apá ògiri mú, ó kúnlẹ̀, eegun orúnkún rẹ̀ dún. Ó wá na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, ó fi àyà lélẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀kùn.

Ariwo sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí ilẹ̀kùn; Olórí Aṣọ́mi ni wọ́n rí tó nà gbalaja lẹ́sẹ̀ Gbéminíyì.

"Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé!" ni Ìyá Ìgbòho ké. "Àgbàlagbà ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi! Ẹ dìde, Bàbá, ẹ má fi èpè sí wa lọ́rùn!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá," ni baba náà dáhùn láti ilẹ̀. "N kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ ni mo wá bá sọ̀rọ̀."

Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ihò náà. Afẹ́fẹ́ yàrá ń gba ojú rẹ̀ kọjá, ó tutù, ó gbẹ, ó ń lọ sínú balùwẹ̀ láìdúró. Kò sí ọ̀rinrin kan tó pàdé rẹ̀ bọ̀. Ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí i, ó tún wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tó yá, àwọn tó sún mọ́ ọn rí i pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ló ń wá mọ́. Ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń dárúkọ ẹnì kan.

Oyèkúnlé àti aya rẹ̀ ló gbé e dìde. Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Nínú, dígí ti ń mọ́, iná àjà ń tàn, omi sì ń ṣàn wọ ìgò ara ògiri wéréwéré. Láti ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, kò sí ẹni tó rí i kí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ìgò bẹ́ẹ̀.

Baba náà wò ó títí.

"A fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu, a bò ó nímú," ló wí nígbẹ̀yìn, "a wá ń bi í léèrè pé èé ṣe tí kò mí." Ó yíjú sí àwọn èrò. "Ìmẹ́lẹ́ ni mo pè é. Mo bú yín. Ẹ dárí jì mí."

Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò mọ èyí tí wọn yóò ṣe. Àwọn kan kúnlẹ̀. Ìyá Ìlọ̀rí ti ń wá ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń pe ọkọ rẹ̀ kó bá òun wá ọ̀bẹ.

"Ẹ dúró," ni Bàbá Gbádégẹṣin wí, ohùn rẹ̀ sì ti padà. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan. Òfin ni títí ìpàdé yóò fi pa á dà. Ìrọ̀lẹ́ òní ni a óò ṣe é." Ó kọjú sí Gbéminíyì. "Gbé àmì rẹ fún mi."

"Bàbá!" ni Oyèkúnlé wí. "Ṣé ẹ̀yin náà ò rí i pé…"

"Mo rí i. Ó tọ̀nà. Ó sì rú òfin nígbà tó ṣì jẹ́ òfin. Ohun méjì ni."

Gbéminíyì ti wọ yàrá. Ó tú àmì bàbà náà kúrò láyà ẹ̀wù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún baba náà.

* * *

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé péjọ sí àgbàlá ìsàlẹ̀, àwọn tí kò rí àyè jókòó ń yọjú láti orí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ òfin kò pẹ́. Bàbá Gbádégẹṣin sọ ohun tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ mọ̀, ó sì ní òun tó ṣe òfin náà ni òun ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ọwọ́ lọ sókè bí igbó. Kò sí ẹni tó ké, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣì kù.

Àṣà ilé náà ni pé ẹni tó bá rú òfin yóò dá ara rẹ̀ hàn lẹ́nu ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dúró ní àgbàlá yẹn rí. Wọn a máa wolẹ̀, wọn a máa fi gèlè bojú, àwọn ẹbí wọn a sì sún sẹ́yìn díẹ̀ láàárín èrò.

"Òfin yìí ti kú," ni Bàbá Gbádégẹṣin wí. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan rú u nígbà tó ṣì wà láàyè. Kò ní ṣiṣẹ́ Aṣọ́mi ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ yìí. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá parí, tó bá ṣì fẹ́ ẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é. Ta ni ẹni náà?"

Gbéminíyì dìde láàárín èrò. Kò fi nǹkan kan bojú. Ó gbé orí rẹ̀ bó ti máa ń gbé e.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi Gbéminíyì ni mo gé e."

Ní ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ẹnì kan ń tún aṣọ ró. Ìyá Ìgbòho ló dìde, àlejò tí kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kankan, ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sùn, tí èémí rẹ̀ kò dún.

"Èmi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé òkè ilé náà, "èmi ni mo bí i."

Kò sì jókòó.